Ojú ewé tíkẹ́ẹ̀tì wa ń fà bí ìgbín: ẹ bá mi wo dátábéèsì yìí

Ọmọ_Ẹnuwá, Ilé-Ifẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń bá a fà á.

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ifẹ̀ níbí. Íntánẹ́ẹ̀tì là ń tà fún ilé gbígbé àti ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Bí nẹ́tíwọ̀kì oníbàárà bá já, yóò kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sórí wẹ́ẹ̀bù wa tàbí kó pè, àwa á sì ṣí tíkẹ́ẹ̀tì fún un. PHP ni wọ́n fi kọ ọ́, MySQL 8.0 ló wà nídìí rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti lọ kí n tó dé. Nígbà tí tíkẹ́ẹ̀tì ò tíì pọ̀, kò sẹ́ni tó ráhùn. Ní báyìí, tábìlì tickets ti ní ìlà 64,000. Tábìlì messages, níbi tí èsì orí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ń gbé, ti lé ní 1,300,000, torí ẹ̀rọ tó ń ṣàyẹ̀wò nẹ́tíwọ̀kì náà ń kọ tirẹ̀ sí i tọ̀sán-tòru.

Ojú ewé tó ń to tíkẹ́ẹ̀tì tí a ò tíì yanjú ń gba ìṣẹ́jú àáyá 19 kó tó yọjú. Bí a bá fi nọ́ńbà fóònù wá oníbàárà, 6 sí 8 ni.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí lálẹ́ òní ni pé ìyá kan wá láti Modákẹ́kẹ́ láàárọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ WiFi rẹ̀ dání nínú ọ̀rá dúdú, ó ní ọjọ́ kẹta rèé tí iná pupa ti ń tàn lójú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà ní kántà tẹ nọ́ńbà ìyá náà, kò rí nǹkan kan, ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta yẹn, kọ̀ǹpútà gbogbo wa dì pa. Ìyá náà wà lórí ìdúró, ó ń wò wá. Ó ní, "Ṣé ẹ ò mọ̀ mí mọ́ ni?" Ó dùn mí dé egungun.

Ọ̀gá wa ti ní ká lọ ra sáfà tó tóbi sí i. Sáfà dátábéèsì dá wà lọ́tọ̀, RAM 4 GB ló ní; wẹ́ẹ̀bù wà lórí òmíràn. Kó tó náwó, ẹ bá mi wò ó, ṣé ibẹ̀ ni àrùn náà wà?

Alágbàṣe_Wẹ́ẹ̀bù, Òṣogbo · Ọjọ́ Ajé, 8:51 alẹ́

Àbúrò, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀gá yín ò jẹ̀bi o. 4 GB ti kéré fún dátábéèsì tó ti dàgbà tó yẹn. Èmi náà bá irú ẹ̀ pàdé lọ́dún tó kọjá, a gbé e lọ sórí 16 GB, ara sì tù wá lọ́jọ́ náà gan-an. Owó tẹ́ ẹ máa ná síbẹ̀ kò tó oníbàárà tẹ́ ẹ máa pàdánù.

Òṣómàáló, Iléṣà · Ọjọ́ Ajé, 9:30 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Alágbàṣe, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ díẹ̀. Bí dátábéèsì bá ń ka gbogbo ìlà láti òkè délẹ̀ kó tó rí ìlà kan, RAM ńlá á kàn jẹ́ kó yára ka ohun tí kò yẹ kó kà rárá ni. Bí ìlà bá tún pọ̀ sí i, ibi tí wọ́n wà lónìí náà ni wọn yóò tún bára wọn.

Ọmọ Ẹnuwá, jẹ́ kí dátábéèsì fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tó ń dùn ún. Tan slow query log, ìyẹn fáìlì tí MySQL máa ń kọ ìbéèrè tó bá lọ́ra sí:

`SET GLOBAL slow_query_log = 'ON';`

Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì tí èrò bá pọ̀. Lẹ́yìn náà fi `mysqldumpslow -s t` kó o jọ. Á gbé ìbéèrè tó ń jẹ àkókò jù sókè. Fi EXPLAIN, àṣẹ tó ń sọ ọ̀nà tí MySQL fẹ́ gbà dáhùn ìbéèrè, síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o gbé ohun tó bá sọ wá síbí. Má tíì fọwọ́ kan nǹkan kan o.

Ọmọ_Ẹnuwá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Mo tan án láti aago 9, fáìlì náà ṣófo. Ojú ewé ń gba 19, síbẹ̀ log ní òun ò rí ìbéèrè kankan tó lọ́ra. Mo wá rí i pé 10 ni long_query_time (iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìbéèrè gbọ́dọ̀ lò kí log tó kọ ọ́) máa ń jẹ́ bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà, ni mo bá fi SET GLOBAL sọ ọ́ di 0.5. Ó ṣì ṣófo.

Ìyá_Sáfà, Ìbàdàn · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán

Ọmọ mi, ohun méjì ló so kọ́ra níbẹ̀.

Èkíní, 19 tí ò ń rí kì í ṣe ti ìbéèrè kan ṣoṣo. Ìbéèrè púpọ̀ ló kó o jọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó dé 10. Ìdí nìyẹn tí log fi dákẹ́ lákọ̀ọ́kọ́. Di ọ̀rọ̀ yìí mú, ó máa wúlò fún wa níwájú.

Èkejì, SET GLOBAL long_query_time kì í mú àwọn tó ti wọlé tẹ́lẹ̀. Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ń mú. PHP yín ti di ọ̀nà rẹ̀ sí dátábéèsì mú láti àná, 10 àtijọ́ ló ṣì ń lò. Tún PHP-FPM, ètò tó ń bá yín ṣiṣẹ́ PHP, bẹ̀rẹ̀, wàá rí nǹkan.

Bí o bá wà níbẹ̀, bá mi wo ohun tí `SHOW VARIABLES LIKE 'innodb_buffer_pool_size';` sọ, ìyẹn àyè RAM tí MySQL fi ń pa dátà mọ́.

Ọmọ_Ẹnuwá · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4:22 ìrọ̀lẹ́

Ìyá wa, ẹ ṣeun púpọ̀! Fáìlì ti kún. Èyí ló wà lókè pátápátá:

```
Count: 8450  Time=0.71s
SELECT body, created_at FROM messages
WHERE ticket_id = N ORDER BY created_at DESC LIMIT N
```

Wákàtí méjì péré, ìgbà 8,450. Ohun tí EXPLAIN sọ nípa rẹ̀ nìyí:

```
type: ALL
possible_keys: NULL
key: NULL
rows: 1297314
Extra: Using where; Using filesort
```

Èyí tó ń to tíkẹ́ẹ̀tì jáde náà rèé:

```
SELECT * FROM tickets
WHERE department_id = 3 AND status IN ('open','pending')
ORDER BY updated_at DESC LIMIT 25
```

ALL ni òun náà, rows rẹ̀ sì lé ní 63,000. Buffer pool ń sọ 134217728.

Òṣómàáló · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ wo `type: ALL` àti `key: NULL` yẹn dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á. Ohun tó ń sọ ni pé: "Mi ò ní ọ̀nà kankan tí mo lè gbà, gbogbo ìlà ni mo kà." Ìlà 1,300,000, láti rí èsì kan ṣoṣo lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo. Tíkẹ́ẹ̀tì 25 ló wà lójú ewé, ẹ fi 0.71 sọ 25 di púpọ̀, ẹ ti rí ìṣẹ́jú àáyá tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 18 níbẹ̀. Kò sí index, ìyẹn atọ́ka tó ń jẹ́ kí dátábéèsì rí ìlà láìka gbogbo tábìlì, lórí ticket_id rárá. Ká ní wọ́n ti fi FOREIGN KEY (ìdè tó so tábìlì kan mọ́ òmíràn) síbẹ̀ ni, InnoDB, apá MySQL tó ń pa dátà mọ́, fúnra rẹ̀ ì bá ti ṣe é.

Ti èkejì gba àlàyé, ẹ jẹ́ kí n fi ilé wa ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá bàbá mi ta aṣọ àwìn káàkiri, iṣẹ́ òṣómàáló tí wọ́n fi mọ àwa Ìjẹ̀ṣà. Ó ní ìwé gbèsè kan, mo fojú ara mi rí i: èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, wọ́n fi òwú dúdú rán an. Bó ṣe pín in rèé: ìlú ló kọ́kọ́ wà, lábẹ́ ìlú ni agboolé, lábẹ́ agboolé ni ọjọ́ tí wọ́n gba aṣọ. Bó bá dé Ìpetumodù, ojú ewé Ìpetumodù ló máa ṣí, kò níí wo ti ibòmíràn. Bó bá yà sí agboolé kan, gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó níbẹ̀ ti tò tẹ̀léra bí ọjọ́ ṣe rí, kò sí pé ó ń tún un tò.

Index olóòpó mẹ́ta gẹ́lẹ́ nìyẹn. Department_id ni ìlú, status ni agboolé, updated_at ni ọjọ́. Ẹ kíyè sí bí wọ́n ṣe tẹ̀léra. Ẹni tó bá mọ ìlú lè lo ìwé yẹn, ẹni tó mọ ìlú àti agboolé lè lò ó. Ẹni tó mọ agboolé tí kò mọ ìlú, gbogbo ìwé ló máa tú.

Nítorí náà:

```
ALTER TABLE messages
  ADD INDEX ix_ticket_created (ticket_id, created_at),
  ALGORITHM=INPLACE, LOCK=NONE;

ALTER TABLE tickets
  ADD INDEX ix_dept_status_upd (department_id, status, updated_at),
  ALGORITHM=INPLACE, LOCK=NONE;
```

Ohun kan ò ní lọ tán níbi èkejì. Status méjì lò ń béèrè, open àti pending, agboolé méjì nìyẹn. Ọjọ́ tò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àmọ́ bí o bá pa méjèèjì pọ̀, o gbọ́dọ̀ tún wọn tò. `Using filesort` á ṣì hàn nínú EXPLAIN. Má jẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù. Ìlà mélòó kan báyìí ló máa tò, kì í ṣe 64,000 mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀pá, Ilé-Ifẹ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:02 alẹ́

Ẹ káalẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí ni. Tó bá jẹ́ báyìí ni, kí ló dé tí a ò fi index sórí gbogbo òpó lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo ẹ̀ sì yára?

Ìyá_Sáfà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:25 alẹ́

Ìbéèrè gidi ni, àbúrò, má tijú. Gbogbo ìlà tuntun tó bá wọlé, MySQL gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú tábìlì, kó tún kọ ọ́ sínú gbogbo index tó wà lórí rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Ẹnuwá ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ń kọ nǹkan sí messages tọ̀sán-tòru. Bí index mẹ́wàá bá wà níbẹ̀, iṣẹ́ mọ́kànlá ni ìlà kan ṣoṣo máa dá sílẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń du àyè nínú RAM. Bákan náà, index lórí status nìkan kì í fi bẹ́ẹ̀ ranni lọ́wọ́ bí irú status tó wà bá jẹ́ mẹ́rin tí ìlà tó pọ̀ jù sì jẹ́ ọ̀kan náà. Ìbéèrè tí log bá fi hàn ni kẹ́ ẹ ṣe index fún. Bí index kan bá sì wà lórí department_id nìkan tẹ́lẹ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn tí tuntun bá ti dúró, iṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú ti olóòpó mẹ́ta.

Ọmọ Ẹnuwá, gbọ́ mi dáadáa kó o tó tẹ ALTER yẹn. Kọ́kọ́ ṣe bákọ́ọ̀pù, kó o sì gbìyànjú láti dá a padà síbòmíràn kó o lè mọ̀ pé ó pé. Dúró di aago 11 alẹ́. LOCK=NONE kì í jẹ́ kó dí àwọn tó ń kọ tó ń kà lọ́wọ́, òótọ́ ni, àmọ́ bí ẹnìkan bá ṣí transaction (iṣẹ́ tí dátábéèsì ń ṣe papọ̀ bí ẹyọ kan) tí kò tì í, ALTER á dúró dè é, gbogbo ẹni tó bá dé lẹ́yìn ALTER á sì tò sẹ́yìn rẹ̀. Ṣí SHOW PROCESSLIST sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí o bá rí `Waiting for table metadata lock`, wá ìsopọ̀ tó dì í mú, kó o já a.

Àti buffer pool: 134217728 jẹ́ 128 MB, bí MySQL ṣe wá láti ilé nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò yí i rí. Sáfà dátábéèsì nìkan tó ní 4 GB, 128 MB péré ló fi ń pa dátà mọ́ sí RAM. Ẹ fún un ní 2 GB:

`SET PERSIST innodb_buffer_pool_size = 2147483648;`

Alágbàṣe_Wẹ́ẹ̀bù · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 alẹ́

Mo lọ wo sáfà 16 GB tí mo sọ lánàá yẹn lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá Sáfà. 128 MB ló wà níbẹ̀ náà. Mo ti ń gba owó 16 GB lọ́wọ́ oníbàárà mi láti ọdún tó kọjá, MySQL kò lò ó. Mo ti pè é, mo ti sọ fún un. Ọmọ Ẹnuwá, má tíì jẹ́ kí ọ̀gá yín ra nǹkan kan.

Ọmọ_Ẹnuwá · Ọjọ́rú, 9:15 àárọ̀

Ẹ bá mi yọ̀! Bákọ́ọ̀pù pé, ALTER méjèèjì wọlé lóru láìsí wàhálà. Ojú ewé tó ń gba 19 kò gba ìṣẹ́jú àáyá kan mọ́. Ọmọbìnrin kántà rò pé mo ti yọ nǹkan kúrò nínú ẹ̀ ni.

Wíwá pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ṣì kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Ó ti bọ́ láti 6 sí 1.2, torí ó máa ń ka iye èsì orí tíkẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan nínú messages, ìyẹn ti rọrùn. Ṣùgbọ́n index wà lórí phone láti ìbẹ̀rẹ̀! EXPLAIN ní possible_keys jẹ́ ix_phone, key jẹ́ NULL. Ó rí i, kò lò ó. VARCHAR, irú òpó tó ń gba lẹ́tà, ni òpó náà. Kóòdù rẹ̀ rèé:

`$sql = "SELECT ... FROM tickets t WHERE t.phone = " . $phone;`

Akẹ́kọ̀ọ́_Ọ̀pá · Ọjọ́rú, 9:41 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ṣé kì í ṣe pé kò sí àmì ọ̀rọ̀ (' ') lẹ́gbẹ̀ẹ́ $phone ni? VARCHAR ni phone, àmọ́ bó ṣe wà yìí, nọ́ńbà lásán ló ń dé ọ̀dọ̀ MySQL. Ẹ tẹ `SHOW WARNINGS;` lẹ́yìn EXPLAIN yẹn.

Ọmọ_Ẹnuwá · Ọjọ́rú, 9:50 àárọ̀

`Cannot use ref access on index 'ix_phone' due to type or collation conversion on field 'phone'`

Àbúrò, o káre!

Òṣómàáló · Ọjọ́rú, 10:20 àárọ̀

Ó káre lóòótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi rí i láti ọjọ́ yìí. Nọ́ńbà wa ń fi 0 bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí àmì ọ̀rọ̀, MySQL á ka 0803 yẹn sí nọ́ńbà, 0 iwájú á bọ́ sílẹ̀. Kó lè fi wé ohun tó wà nínú òpó, ó gbọ́dọ̀ sọ phone orí gbogbo ìlà di nọ́ńbà lọ́kọ̀ọ̀kan, 0 tiwọn náà á bọ́. Méjèèjì bá ara mu, èsì jáde bó ṣe yẹ. Bí èsì bá tọ̀nà, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò? Àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ phone sínú index, lẹ́tà ni, kì í ṣe nọ́ńbà, ìdí nìyẹn tí index náà kò fi ṣeé lò.

Ìyá_Sáfà · Ọjọ́rú, 10:33 àárọ̀

Ohun tó ju ìlọ́ra lọ wà nínú ìlà kóòdù yẹn, mo sì fẹ́ kí o fi iṣẹ́ mìíràn sílẹ̀ lọ ṣe é lónìí. Ohunkóhun tí ènìyàn bá tẹ̀ sínú àpótí yẹn ló ń lọ tààrà sínú SQL. Ẹni burúkú lè fi í ka gbogbo tábìlì oníbàárà yín. Má fi àmì ọ̀rọ̀ lẹ̀ ẹ́ lásán. Lo prepared statement, SQL tó ya ohun tí ènìyàn tẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára àṣẹ: `WHERE t.phone = ?`, kó o sì bind rẹ̀ (fi í sí ipò ? yẹn) bíi string, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán. Ó tún ìlọ́ra ṣe, ó sì tilẹ̀kùn mọ́ olè. Wá gbogbo ibi tí wọ́n ti fi àmì `.` so ọ̀rọ̀ mọ́ SQL nínú kóòdù náà, kó o tún gbogbo wọn ṣe.

Alágbàṣe_Wẹ́ẹ̀bù · Ọjọ́rú, 1:17 ọ̀sán

Ìbéèrè kan láti ọ̀dọ̀ mi. Ìbéèrè mélòó ni ojú ewé kan ń rán lọ sí dátábéèsì? Ẹ ti rí i pé ó ń bi messages léèrè nígbà 25. Mo fura pé ó tún ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún orúkọ oníbàárà àti orúkọ òṣìṣẹ́. Sáfà méjì lọ́tọ̀ lẹ ní, gbogbo ìbéèrè ló ní ìrìn àjò tirẹ̀ lọ bọ̀.

Ọmọ_Ẹnuwá · Ọjọ́bọ̀, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Alágbàṣe, 76 ni! Ọ̀kan fún àkójọ, mẹ́ta mẹ́ta fún tíkẹ́ẹ̀tì 25. Mo fi JOIN, tó ń pa tábìlì pọ̀, mú orúkọ méjèèjì wá nínú ìbéèrè àkọ́kọ́, mo sì fi `WHERE ticket_id IN (...)` kó èsì ìkẹyìn gbogbo 25 lẹ́ẹ̀kan. Méjì péré ló kù. Ojú ewé náà ń ṣí kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lórí mouse.

Prepared statement ti wà níbi gbogbo. Ibi mọ́kànlá ni mo ti rí i. Wíwá nọ́ńbà fóònù kò tó ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá.

Ó ku wíwá ọ̀rọ̀ inú èsì, `body LIKE '%iná pupa%'`. Ó ṣì ń ka gbogbo messages. Àwọn oníbàárà wa náà, ẹnìkan á fi àmì ohùn kọ ọ́, ẹlòmíràn ò ní fi.

Òṣómàáló · Ọjọ́bọ̀, 8:05 alẹ́

Bí % bá wà níwájú ọ̀rọ̀, index lásán kò wúlò, torí o ò sọ lẹ́tà tí ọ̀rọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀. FULLTEXT, index tó ń to ọ̀rọ̀ inú àkọsílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wàá lò níbẹ̀, pẹ̀lú MATCH àti AGAINST. Ti àmì ohùn, wo collation òpó náà, ìyẹn òfin tí MySQL fi ń fi lẹ́tà wé ara wọn. Bó bá jẹ́ utf8mb4_0900_ai_ci, "Adéọlá" àti "Adeola" dọ́gba lójú rẹ̀, o lè fọkàn balẹ̀ lórí orúkọ. Rántí pé FULLTEXT ti InnoDB kì í ka ọ̀rọ̀ tí kò tó lẹ́tà mẹ́ta bí o kò bá yí innodb_ft_min_token_size, "wá" àti "kò" máa bọ́ sílẹ̀.

Ìyá_Sáfà · Ọjọ́bọ̀, 8:19 alẹ́

LOCK=NONE kò ṣiṣẹ́ fún FULLTEXT o. Bó bá ń kọ́ index yẹn lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní lè kọ nǹkan sínú messages. Alẹ́ Àbámẹ́ta ni kó o fi sí, kó o sì dá ẹ̀rọ àyẹ̀wò yẹn dúró ná.

Ọmọ_Ẹnuwá · Ọjọ́ Ẹtì, 2:30 ọ̀sán

Alẹ́ Àbámẹ́ta náà ni, mo ti sọ fún ọ̀gá. Ó ní òun ò ra sáfà mọ́.

Ìyá láti Modákẹ́kẹ́ padà wá láàárọ̀ yìí, ọ̀rá dúdú náà ló tún gbé dání. Bí ọmọbìnrin kántà ṣe tẹ nọ́ńbà rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó ti ṣí láti ọdún méjì jáde. Ó ka èyí tó wà lókè fún un: irú iná pupa yìí ti ṣẹlẹ̀ nínú oṣù Ògún, ṣájà ẹ̀rọ náà ni kò dára mọ́, kì í ṣe nẹ́tíwọ̀kì. Wọ́n fún un ní ṣájà mìíràn, wọ́n fi dán an wò lórí kántà níbẹ̀, iná náà di àwọ̀ ewé.